Pípe Iṣẹ́ Padà: Ohun Tí Kọ̀ǹpútà Ń Ṣe Nígbà Tí Dísìkì Bá Dákẹ́

Ó lè ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ni wọ́n gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òde ara rẹ̀ tí gbogbo wa ń fojú rí. Ọ̀rọ̀ inú lọ́hùn-ún ni, níbi tí ojú olùlò kì í dé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rírán ni: ẹni tí ó ránni níṣẹ́, ẹni tí a rán, àti èsì tí a ń retí tí kò dé. Àwa tí àwọn baba wa ń fi àrokò ránṣẹ́ síra wọn kí ìwé tó dé kò lè sọ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe àjèjì sí wa.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e ka ilẹ̀ tiwa. Òwu-Ìsin ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsin láti ọdún 1996 tí a ti dá ìjọba ìbílẹ̀ náà sílẹ̀. Òmù-Àrán ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn tí wọ́n ti yọ ọ́ jáde. Ẹ wá rò ó pé baálé kan wà ní Òwu-Ìsin tí ó ń kọ́lé. Ó rán ọmọ rẹ̀ sí oníṣòwò kan ní Òmù-Àrán pé kí ó fi àpò sìmẹ́ǹtì 50 ránṣẹ́. Ó ní kí awakọ̀ má wulẹ̀ kanlẹ̀kùn: yàrá òfìfo kan wà lẹ́yìnkùlé, wọn kò tì í, kí ó já ẹrù náà síbẹ̀, kí ó fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀ bí ó bá parí, kí ó sì máa lọ.

Baálé náà fọkàn sí i pé kí oòrùn tó wọ̀, òun yóò ti gbọ́ fèrè. Oòrùn wọ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Kí ni ó mọ̀ nísinsìnyí? Kò mọ̀ bóyá ọmọ náà kò tilẹ̀ débẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ti gbéra, tí táyà rẹ̀ sì jò lójú ọ̀nà. Kò sì mọ̀ bóyá ẹrù ti wà nínú yàrá láti ọ̀sán, tí ó jẹ́ pé fèrè ọkọ̀ ni kò dún. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n létí ẹni tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn: ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Bí ó bá wá bínú, tí ó ní ọjà náà ti bàjẹ́, tí ó sì gbé yàrá òfìfo náà fún olùkọ́ tuntun kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ìlú, ẹ ti mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ lóru. Ọkọ̀ yóò dé. Awakọ̀ yóò ṣe gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí fún un, kò ní í kanlẹ̀kùn. Yóò to àpò sìmẹ́ǹtì 50 lé orí ibùsùn olùkọ́ àti ìwé rẹ̀. Awakọ̀ kò ṣẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni ó jẹ́. Baálé ni ó ṣẹ̀, nítorí pé ó fi yàrá tọrẹ nígbà tí àṣẹ tí ó ti pa lórí yàrá náà ṣì wà lójú ọ̀nà.

Nínú kọ̀ǹpútà, baálé yìí ni apá kan tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní kẹ́nẹ̀lì. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe ekùrọ́ inú ẹyìn wa, ó sì bá a mu, nítorí ohun tí ó wà ní àárín gbùngbùn tí èèpo yí ká ni. Èmi yóò máa pè é ní kóró. Kóró ni ó ń pín ìrántí kọ̀ǹpútà fún àwọn ètò tí ń ṣiṣẹ́. Òun ni ó ń sọ ẹni tí ó kàn. Òun ni ó sì ń bá dísìkì sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo wọn. Bí olùkọ́ kan bá ṣí ìwé máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ètò tí ó ń lò kì í fọwọ́ ara rẹ̀ kan dísìkì. Kóró ni ó ń bẹ̀ níṣẹ́. Kóró yóò wá pàṣẹ pé: ka ìwọ̀n báyìí láti ibi báyìí, kó o sí yàrá ìrántí báyìí. Àṣẹ náà yóò gba ọ̀dọ̀ ògbufọ̀ kan kọjá, èyí tí í ṣe ètò kékeré tí ó gbọ́ èdè irú dísìkì bẹ́ẹ̀. Bí dísìkì bá ti rí ohun tí a ní kí ó kà, òun àti ẹ̀rọ tí ó so mọ́ ni yóò kó o sínú yàrá ìrántí náà tààrà, láìjẹ́ pé ó gba ọwọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà kọjá. Lẹ́yìn èyí ni yóò fọn fèrè. Ẹ rántí awakọ̀ wa tí kì í kanlẹ̀kùn.

Kóró kì í sì í rán iṣẹ́ kan kí ó dúró dè é kí ó tó rán òmíràn. Ọ̀pọ̀ dísìkì tí ń lo okùn SATA lè gba àṣẹ 32 pọ̀. Ìlànà tuntun tí a ń pè ní NVMe, tí ó jáde ní ọdún 2011, fàyè gba àṣẹ tí ó ju 65,000 lọ lórí ìlà kan ṣoṣo. Nítorí náà ni àṣẹ kọ̀ọ̀kan fi ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí a lè mọ èyí tí èsì kan jẹ́ tirẹ̀. Bí nọ́ńbà kan bá bọ́ lọ́wọ́ àṣẹ kan, a ó fi fún òmíràn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nọ́ńbà ìjókòó ní ilé ìwòsàn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí sọ́kàn, nítorí yóò tún padà wá.

Kóró tí mo ń fi ṣe àpẹẹrẹ jù ni ti Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Helsinki ní ọdún 1991. Ìdí tí mo fi mú un ni pé gbangba ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ lè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fóònù Android tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ yín, orí rẹ̀ ni ó jókòó lé.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí kóró dúró pẹ́ tó? Àkókò tí a fi lélẹ̀ yìí ni èmi yóò pè ní gbèdéke. Gbèdéke tí Linux fi fún dísìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìṣẹ́jú-àáyá 30, bí ẹni tí ń tọ́jú kọ̀ǹpútà náà kò bá yí i padà. Ẹ fi èyí wé iṣẹ́ tí dísìkì ń ṣe. Dísìkì tí ń yí, bí ara rẹ̀ bá dá, yóò rí ohun tí a ní kí ó kà láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Ìyẹn ni pé kóró ń fún un ní nǹkan bí ìlọ́po 3,000 àkókò tí ó tó o. Ẹni tí kò bá mọ̀dí yóò ní sùúrù yìí pọ̀ jù, yóò ní kí a dín in kù sí ìṣẹ́jú-àáyá 2, kí kọ̀ǹpútà lè yá. N kò bá a fohùn ṣọ̀kan. Dísìkì lè ti sùn, kí ó jẹ́ pé ó ń jí ni, bẹ́ẹ̀ ni jíjí náà ń gba ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan. Ó lè ní àṣẹ púpọ̀ lọ́wọ́, kí ó má tí ì kan èyí tí a ń retí. Ó sì lè jẹ́ pé ibi tí ó ti bàjẹ́ ni a ní kí ó kà, tí ó sì ń làkàkà.

Ọ̀rọ̀ lílàkàkà yìí ni ó ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà. Ọ̀pọ̀ dísìkì tí a ṣe fún kọ̀ǹpútà inú ilé, bí ó bá pàdé ibi tí kò ṣe é kà, yóò tún un kà, yóò tún un kà, ó sì lè lò ju ìṣẹ́jú kan lọ kí ó tó jẹ́wọ́ pé òun kò rí i kà. Ẹni tí ó ṣe é mọ ohun tí ó ń ṣe: ẹni tí ó rà á lè má ní ẹ̀dà mìíràn, nítorí náà kí a gbìyànjú títí. Dísìkì tí a ṣe fún ilé-iṣẹ́, tí a ń tò pọ̀ kí ọ̀kan lè jẹ́ ẹlẹ́rìí fún èkejì, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 7 ni ó ń fi gbìyànjú, kí ó tètè jẹ́wọ́, kí a lè lọ ka ẹ̀dà tí ó wà lára èyí tí ó kù. Ẹnì kan á wá ra dísìkì inú ilé mẹ́rin nítorí pé owó wọn kéré, á tò wọ́n pọ̀ bí ti ilé-iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn yóò pàdé ibi tí kò ṣe é kà. Nígbà tí ó bá ti gbìyànjú fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, gbèdéke kóró ti pé, dísìkì kò sì tí ì sọ̀rọ̀. Kóró yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bá a fà á, dísìkì kò ní í gbọ́, nítorí ó ṣì ń làkàkà. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé wọn yóò lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ bí òkú, nítorí ojú kan ṣoṣo tí kò ṣe é kà. Òkú náà ń mí. Bí èkejì bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí a ń tún ẹgbẹ́ náà tò, gbogbo ohun tí ó wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè lọ. Ìmọ̀ràn tí àwọn tí ń tọ́jú irú ẹgbẹ́ dísìkì bẹ́ẹ̀ lórí Linux ń fúnni ni pé, bí dísìkì bá gbà, kí a sọ fún un kí ó máa jẹ́wọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 7. Bí kò bá gbà, kí a sún gbèdéke kóró lọ sí ìṣẹ́jú-àáyá 180. Gbèdéke ẹni tí ó ránni níṣẹ́ gbọ́dọ̀ gùn ju ti ẹni tí a rán lọ. Ìgbà tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa sọ̀rọ̀ tí wọn kò ní í gbọ́ ara wọn yé.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé gbèdéke ti kọjá. Ohun tí ó yẹ kí baálé wa kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ó gbé àtùpà, kí ó lọ wo yàrá lẹ́yìnkùlé. Ògbufọ̀ NVMe inú Linux ń ṣe èyí gan-an: kí ó tó pariwo, yóò kọ́kọ́ lọ wo ibi tí dísìkì máa ń to èsì sí. Bí ó bá bá èsì níbẹ̀, yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ pé òun fúnra òun ni òun lọ wò ó, yóò sì parí iṣẹ́ náà. Fèrè ni ó sọnù, iṣẹ́ kò sọnù.

Ìṣòro kan wà níhìn-ín tí ó fara pẹ́ ìyẹn, tí àwọn tí ń kọ kóró kò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí èsì bá wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá náà gan-an tí kóró ń sọ pé gbèdéke ti kọjá? Ẹni méjì yóò di àṣẹ kan ṣoṣo mú: ọ̀kan ní òun ń parí rẹ̀, èkejì ní òun ń pè é padà. Bí àwọn méjèèjì bá ṣe tiwọn, a ó dá yàrá kan padà lẹ́ẹ̀mejì, yàrá náà yóò sì di ti olóhun méjì. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé àṣẹ kọ̀ọ̀kan ní àmì kan lára. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ àmì náà ni ó ni ín. Ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn, tí ó bá àmì náà ní títẹ̀, yóò ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò pátápátá. A sì ṣe ẹ̀rọ náà bẹ́ẹ̀ tí wíwò àti títẹ àmì fi jẹ́ ìṣe kan ṣoṣo tí ẹlòmíràn kò lè já sí láàárín.

Bí èsì kò bá sí, ó di dandan kí kóró pe àṣẹ náà padà. Ẹ gbà mí láyè kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi wà. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwa olùkọ́ èdè ni láti pe ìṣe yìí ní ìfagilé. Ẹ wo bí a ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà: fa igi lé, bí ẹni tí ó fi kálàmù ha orúkọ kan nù nínú ìwé. Ìwé ta ni? Ìwé tirẹ̀ ni. Baálé lè fagi lé sìmẹ́ǹtì nínú ìwé ìnáwó rẹ̀ ní Òwu-Ìsin. Èyí kò ní kí ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà Òmù-Àrán. Nítorí náà, ìfagilé jẹ́ ìdajì ohun tí a ń sọ, ìdajì tí ó rọrùn. Ìdajì kejì ni pé kí ẹni tí a rán gbọ́, kí ó sì dáhùn pé òun ti gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi yan pípe iṣẹ́ padà. Ẹni tí a pè padà ni a lè retí kí ó dá wa lóhùn. Títí ìdáhùn náà yóò fi dé, kóró kò gbọdọ̀ fi yàrá náà fún ẹlòmíràn, kò sì gbọdọ̀ fi nọ́ńbà náà fún àṣẹ tuntun. Bí ó bá fi nọ́ńbà tọrẹ, èsì àtijọ́ tí ó pẹ́ kí ó tó dé yóò wọlé, wọn yóò sì kà á sí èsì àṣẹ tuntun tí dísìkì kò tí ì ṣe.

Ìdáhùn tí dísìkì ń fún wa pàápàá yẹ kí a gbọ́ ọ dáadáa. Nínú ìlànà SCSI, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1986 tí ó sì jẹ́ ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ ohun tí mo ń sọ, bí dísìkì bá dáhùn pé ó tọ́, kò túmọ̀ sí pé ó dá iṣẹ́ náà dúró kí ó tó ṣe é. Ohun tí ó ń wí ni pé kò sí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òun mọ́. Ó lè ti ṣe é tán. Ó lè má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àṣẹ láti kọ nǹkan sílẹ̀ ni, ibi tí a ní kí ó kọ ọ́ sí lè ní ọ̀rọ̀ àtijọ́, ó lè ní ti tuntun, ó sì lè ní díẹ̀ nínú èyí àti díẹ̀ nínú ìyẹn.

Kí ni kóró yóò wá ṣe? Yóò tún un rán. Àwọn tí wọ́n la ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 kọjá ní Nàìjíríà, nígbà tí owó bébà wọ́n gógó nítorí pípààrọ̀ náírà, yóò bẹ̀rù nígbà tí wọ́n bá gbọ́ èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù lójú ọjà nígbà náà, tí wọ́n yọ owó nínú àpò wa, tí ọlọ́jà kò sì rí i. A tún un rán. Ní ọjọ́ kejì, owó méjèèjì wọlé fún ọlọ́jà. Àṣẹ dísìkì kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí bí a ti gbé e kalẹ̀: kì í sọ pé kí a fi 5,000 kún ohun tí ó wà níbẹ̀, ó ń sọ pé kí a kọ ọ̀rọ̀ báyìí sí ojú báyìí. Ẹni tí ó kọ orúkọ kan náà sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì kò ba nǹkan kan jẹ́.

Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ̀ dájú pé àṣẹ àkọ́kọ́ ti kú ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a fi ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Òwu-Ìsin ṣe àpẹẹrẹ. Olùkọ́ kọ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀ ní 45; àṣẹ náà lọ, kò sí èsì; kóró fagi lé e nínú ìwé tirẹ̀ láìpè é padà, ó tún un rán, èyí wọlé. Lẹ́yìn náà olùkọ́ rí i pé 54 ni ó yẹ kí ó jẹ́, ó tún un ṣe, dísìkì sì ní òun ti kọ ọ́. Olùkọ́ pa ìwé dé, ó lọ sílé. Ìgbà yìí ni àṣẹ àkọ́kọ́ tí ó ti ń ráre kiri nínú okùn wá dé, tí ó kọ 45 lé orí 54. Kò sí ariwo kankan. Kò sí ohun tí yóò sọ fún ẹnikẹ́ni pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ni yóò ru ẹrù rẹ̀. Lójú tèmi, kọ̀ǹpútà tí ó dá iṣẹ́ dúró gbọnrangandan sàn ní ìlọ́po mẹ́wàá ju èyí tí ó ń bá iṣẹ́ lọ tí ó sì ń purọ́.

Bí dísìkì kò bá dáhùn sí ìpè náà, kóró Linux yóò gun àkàsọ̀ kan. Ìpele àkọ́kọ́ ni pípe àṣẹ kan ṣoṣo padà. Èkejì ni kí ó ní kí dísìkì náà da gbogbo àṣẹ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nù kí ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Níhìn-ín ni àwọn àṣẹ tí kò ṣẹ̀ ti ń bá ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ó tún wọn rán. Bí èyí kò bá ràn, yóò ṣe bẹ́ẹ̀ sí àpótí tí dísìkì náà wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà sí ọ̀nà tí àwọn dísìkì jọ ń gbà, lẹ́yìn náà sí ẹ̀rọ tí ó so gbogbo wọn mọ́ kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò bi dísìkì léèrè bóyá ara rẹ̀ ti yá, yóò sì dúró ìṣẹ́jú-àáyá 10 fún èsì. Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí pàbó, yóò kéde pé dísìkì náà kò sí lórí ìjókòó mọ́, yóò sì dá gbogbo àṣẹ rẹ̀ padà fún àwọn olóhun pé kò ṣeé ṣe. Bí a ti ń gun àkàsọ̀ náà ni ìdánilójú ń pọ̀ sí i pé kò sí ọkọ̀ kankan lójú ọ̀nà mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni iye ilé tí a dà láàmú ń pọ̀ sí i.

Kí ọdún 2014 tó dé, ìṣòro ńlá kan wà nínú ètò yìí. Kóró kò lè fẹsẹ̀ lé ìpele àkọ́kọ́ pàápàá àfi bí gbogbo àṣẹ mìíràn tí ó wà lórí ẹ̀rọ ìsopọ̀ náà bá ti parí tàbí tí gbèdéke tiwọn náà bá ti kọjá. Dísìkì kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ kò yá lè dá ogún tí ara wọn le dúró. Hannes Reinecke ni ó tún un ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ wọ inú Linux tí ó jáde ní ọdún 2014, láti ìgbà náà ni a sì ti lè pe àṣẹ kan padà bí gbèdéke rẹ̀ bá ti ń kọjá, tí àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ tiwọn lọ.

Ohun tí mo ti sọ yìí ni ó fa ohun kan tí ó máa ń bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà nínú. Wọn yóò rí ètò kan tí ó dúró gbári, wọn yóò pàṣẹ kí ó kú, kò ní í kú. Wọn yóò lo àṣẹ tí ó le jù, kò ní í kú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 120, ọ̀pọ̀ kóró Linux yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ pé ètò báyìí ti dúró lójú kan pẹ́ jù. Wọn yóò ní kóró ti ya wèrè. Kò ya wèrè rárá. Yàrá ìrántí ètò náà ni a yá dísìkì, dísìkì kò sì tí ì dá a padà. Bí kóró bá pa ètò náà tí ó sì pín ilẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ni ẹ ń pè wá sórí ibùsùn ẹlòmíràn.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n rò pé gbèdéke kò wúlò fún irú ilé tiwọn. Amazon, tí ń fi dísìkì rẹ̀ háyà fún gbogbo ayé láti ọ̀nà jíjìn, gba àwọn oníbàárà rẹ̀ tí ń lo NVMe lórí Linux nímọ̀ràn pé kí wọ́n fa gbèdéke náà gùn dé ibi tí kóró bá lè gbà á dé, èyí tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò yàtọ̀ sí kí gbèdéke má sí. Wọ́n mọ̀ pé dísìkì àwọn kò kú; òpópónà ni ó lè dí, yóò sì tún ṣí. Èmi kò ní gba ilé-ẹ̀kọ́ kankan ní agbègbè wa nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, nítorí dísìkì tiwa lè kú ní tòótọ́.

Iná ni ó sábà ń pa á. Àwọn ère òkúta Èsìẹ́, tí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ti ṣí láti ọdún 1945, kò bèèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó lè rántí. Dísìkì ń bèèrè. Ní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìsokọ́ra iná mànàmáná Nàìjíríà dojú dé, tí àwọn ènìyàn ń bọ́ láti orí iná ìjọba sí orí ẹ̀rọ amúnáwá lọ́jọ́ kan náà. Bí iná tí ó dé ọ̀dọ̀ dísìkì bá rẹlẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, dísìkì tí ń yí lè dúró kí ó tún bẹ̀rẹ̀, àwọn àṣẹ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò sì di iṣẹ́ tí kò ní jíjẹ́. Dísìkì àgbékiri tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń kó iṣẹ́ wọn sí burú jù níbi èyí, nítorí ojú okùn USB ni ó ti ń mu iná, ojú okùn mìíràn kò sì ní iná tó.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ ń kó ìwé máàkì lọ sórí irú dísìkì bẹ́ẹ̀, tí gbogbo nǹkan wá dúró, ẹ má ṣe já okùn. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 lè ti kọjá, kí kóró sì wà lórí àkàsọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá já okùn nígbà náà, ẹ ti sọ àṣẹ tí kò bá rí ìdáhùn di èyí tí kò ní í rí i láéláé. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ó bá sọjí, tàbí tí kóró bá ní kíkà nìkan ni òun yóò máa gbà láti orí dísìkì náà, tí òun kò ní í kọ nǹkan sí i mọ́, ẹ kọ́kọ́ kó ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ìgbà náà ni kí ẹ tó ṣí ìwé ìṣẹ̀lẹ̀. Lórí Linux, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ó máa rí níbẹ̀ bí dísìkì àgbékiri bá ń dákẹ́: uas_eh_abort_handler. Òun ni ògbufọ̀ USB tí ń pe iṣẹ́ padà. Bí ẹ bá rí i lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ lè fojú fò ó. Bí ó bá ń padà wá lójoojúmọ́, okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, lẹ́yìn náà ojú USB tí ẹ kì í bọ́, lẹ́yìn náà orísun iná. Ìgbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ tó fi ẹ̀sùn kan dísìkì fúnra rẹ̀.

Mo dúró níbí, kí àwọn tí a jọ jókòó lè bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè wọn.